Aṣọ Òjò Lékeléke

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọkitóbà 2014

Òjò àkọ́rọ̀ dé lánàá. Gbogbo Jeppe, àdúgbò wa, ń yọ̀, àwọn ọmọdé ń ta omi àgbàrá síra wọn lára. Èmi nìkan ni inú mi kò dùn, nítorí mo mọ ohun tí òjò yẹn máa bá mi ṣe ní Eikenhof, níbi tí ẹṣin mi wà. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ẹṣin tí mo fi sílẹ̀ ní funfun báláú ti pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi osùn pa lára. Ó ti yí nínú ẹrẹ̀. Ó tún gbé orí sókè, ó ń wò wá bí ẹni pé ká kí òun kú iṣẹ́.

Àtàndá ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Toheeb, ẹṣin ni o, kì í ṣe kọ́tìnnì."

Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ti lé kúrò lórí pápá ìje pọ̀ nílùú yìí, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà wọ́n. Nítorí pé èyí funfun ni mo ṣe gbà kí owó máṣíìnì ìránṣọ tuntun mi wọ inú rẹ̀, ìdí kan náà ni mo fi sọ ọ́ ní Lékeléke. Lékeléke pupa, ta ló rí i rí?

Ìbídùn tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ti bá wa sọ ọ́ yanjú: ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́ gun ẹṣin funfun ya fọ́tò ní Dìsẹ́ńbà, àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kẹtàlá. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá rí àpá kan lára rẹ̀ báyìí, ẹlẹ́ṣin míì ni mo máa pè. Kámẹ́rà mi kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni." Púfù-púfù mi ló ń jẹ lọ́wọ́ tó ń sọ ọ́.

Teboho, ọmọ Lesotho tó ń bá wa tọ́jú ẹṣin, fi omi fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́. Magdalene tó ni ilẹ̀ tí a háyà dúró lójú fèrèsé rẹ̀, ó ń wo omi rẹ̀ tó ń ṣàn. Ó máa fi kún owó oṣù yìí. Ẹ máa wò ó, mo ti sọ ọ́.


Ọjọ́rú, 8 Ọkitóbà

Magdalene ní aṣọ òjò ni kí n rà, aṣọ fífúyẹ́ tí ẹṣin máa ń wọ̀ lọ jẹko, tí omi kò ní gbà á kọjá. Kí n má ra èyí tí wọ́n fi òwú sí láàárín, ti ìgbà òtútù nìyẹn. Tí mo bá gbé e wọ̀ ọ́ nínú ooru yìí, yóò làágùn títí ara rẹ̀ á fi máa yún un. Ọ̀rọ̀ tó dáa. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun ní ọ̀kan tí òun fẹ́ tà. Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti ń retí ibi tí ọ̀rọ̀ máa yọ sí.

Mo yẹ tirẹ̀ wò. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn nígbà méjì, irin ìdè kan ti ṣí lọ níwájú. Ẹgbẹ̀ta rand ló ń pè. Mo ní màá bá ọkọ mi sọ ọ́. Mi ò sọ nǹkan kan fún ọkọ mi.


Ọjọ́ Ẹtì, 10 Ọkitóbà

Mo gbé tépù mi lọ. Teboho di ẹṣin mú, mo wọ̀n ọ́n láti àárín àyà, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ títí dé ibi tí ìdí parí sí. Íńṣì 72. Mo tún un wọ̀n. 72.

Teboho ní, "Mama, kò mira. Ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e."

Mo ní kì í ṣe ẹṣin ni mi ò gbẹ́kẹ̀ lé.

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ yẹn náà, mi ò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.


Àbámẹ́ta, 11 Ọkitóbà

A lọ sí ìsọ̀ nǹkan ẹṣin lọ́nà Kyalami. Ìsọ̀ tí wọ́n ń ta bàtà ẹni tó ń gun ẹṣin ní iye tí mo fi ń san owó ilé! Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn kò ju Toheeb wa lọ, èékánná rẹ̀ mọ́ bíi ti dókítà. Mo fi ìka fún aṣọ náà wò. Ojúlówó ni, wọ́n lẹ ojú rírán rẹ̀ láti inú kí omi má bàa gbabẹ̀ wọlé. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ wò, iṣẹ́ mi ni.

72 jẹ́ 1,150 rand. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni 78 wà, aṣọ kan náà, 850, nítorí òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹ gbọ́ mi. Kékeré ló gba owó ńlá, ńlá ló gba owó kékeré. Mo dúró, mo rò ó. Ọdún mẹ́rin ni ẹṣin yìí, ó sì rù. Magdalene fẹnu ara rẹ̀ sọ pé yóò ṣì sanra, yóò fẹ̀ láyà. Ta ló ń ra aṣọ tó bá ọmọ mu géẹ́? Ọdún tí mo ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù ní Jeppe yìí, kò sí ìyá kan tí kì í sọ pé, "Sista, ẹ jẹ́ kó jù ú díẹ̀, kó lè fi dàgbà." Mo máa ń ká etí aṣọ sínú fún wọn, kí wọ́n máa tú u bí ọmọ bá ṣe ń ga. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ìsẹ́yìn nìyẹn, bí mo ṣe tọ́ Toheeb nìyẹn.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ma, ní ti ẹṣin, ohun tí tépù bá sọ la ń tẹ̀ lé."

Kí ló tún máa sọ? 1,150 ló ń wò.

Mo ra 78. Àtàndá gbé e sẹ́yìn bàkíì, ọkọ̀ ìkẹ́rù rẹ̀, ó ní, "Ọ̀ọ́dúnrún rand lo jẹ lójú ẹsẹ̀. Òyìnbó kò ní gbàgbé rẹ." Orí mi wú títí a fi délé.


Ọjọ́ Ajé, 13 Ọkitóbà

A gbé e wọ̀ ọ́. Ó balẹ̀ bí agbádá Alhaji. Mo ní kò burú, afẹ́fẹ́ á rí àyè gbà.

Teboho yí ẹṣin po. Ó fọwọ́ kan ọrùn aṣọ, ó gbọ̀n ọ́n. "Mama, ti ẹṣin míì lèyí."

"Ẹṣin míì wo?"

"Ẹṣin tó tóbi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní pápá ìje Turffontein, yóò bá yín fi pààrọ̀ kékeré."

Wàyí o. Aṣọ tuntun tí kò tíì rí òjò, ó ti ní ọ̀rẹ́ tó fẹ́ ẹ. Èló ni ọ̀rẹ́ máa fún un lórí ẹ̀? Mo wo ojú rẹ̀, mo ní: "Teboho, gbọ́ mi dáadáa. Nígbà òjò yìí, aṣọ yìí kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹṣin yìí. Ọjọ́ tí mo bá dé ibí tí mo bá a ní ìhòòhò, ìwọ náà máa bá aṣọ lọ."

Ó gbà, ó ní, "Yebo, Mama." Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.


Ọjọ́bọ̀, 16 Ọkitóbà

Òjò pẹ̀lú yìnyín. Ẹṣin funfun báláú lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Èmi ni mo rà á.


Ọjọ́ Àìkú, 19 Ọkitóbà

Irun funfun púpọ̀ nínú aṣọ náà, níwájú, lápá èjìká. Magdalene ní ẹṣin máa ń pa irun òtútù dànù lásìkò yìí. Bóyá. Oṣù tó kọjá ló pa irun yẹn dànù lójú mi.


Ọjọ́ Ẹtì, 24 Ọkitóbà

Mo bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láti gbọ̀n ọ́n, mo rí èjìká rẹ̀. Irun ti họ lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibi kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́. Lókè, ibi gegele tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, awọ ti yọ, ó pọ́n. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó fà sẹ́yìn, ó fẹ́ bù mí jẹ.

Ibi tí gàárì ń jókòó lé ni ibẹ̀ yẹn.

Mo pe Teboho. "Kí ló ṣe é?"

Ó wo ilẹ̀. "Mama, ẹ wò ó fúnra yín."

Èsì wo nìyẹn? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í wo ilẹ̀. Òun náà ló sọ fún Àtàndá nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa pé òun máa ń gun ẹṣin ìje lábúlé àwọn, lórí òkè, lọ́jọ́ Àìkú. Ìje Àìkú sì wà níbí náà, lẹ́yìn odò, mo gbọ́ ariwo wọn rí. Ẹṣin tó wá láti pápá ìje, ẹni tó mọ ìje gùn, ọ̀gá tí kì í sí nílé. Ṣé ó di ìgbà tí wọ́n bá fọn fèrè fún mi?

Mo tún gbóòórùn aṣọ náà. Èéfín ni. Èéfín èédú. Ìgbà wo ni ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í dáná?

Nínú bàkíì mo tò ó fún Àtàndá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ṣé o rí i lórí ẹṣin ni?"

"Olè tó ń jí ẹṣin gùn, ṣé ó máa pè mí wá kí òun kú orí ire ni?"

"Ìyá Toheeb, ojú tí o fi ń wo ènìyàn, tí wọ́n bá fi í ṣe iná mọ́tò, yóò fọ́ ojú dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀."

Ó máa ń dápàárá bẹ́ẹ̀ tí kò bá ní èsì.


Ọjọ́ Ajé, 27 Ọkitóbà

Mo fi fọ́nrán òwú aró kan so ìdè gàárì mọ́ra nínú ilé ìkẹ́rù, ìso tí ọwọ́ mi nìkan mọ̀. Tí ó bá gbé gàárì yẹn, òwú máa já. Petirólù lọ, petirólù bọ̀, nítorí òwú kan ṣoṣo. Kò burú.


Ọjọ́bọ̀, 30 Ọkitóbà

Òwú kò já.

Ó gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń gun ẹṣin láìlo gàárì.


Ọjọ́ Àìkú, 2 Nofẹ́ńbà

Mo sọ fún Àtàndá pé mò ń lọ kí aláìsàn ní Hillbrow. Táàsì ni mo wọ̀ lọ sí Eikenhof. Òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà, mo fi ọ̀rá bo orí, mo gba ẹ̀yìn ọgbà wọlé kí ajá Magdalene má bàa gbó.

Lékeléke wà lábẹ́ igi, ní ìhòòhò, ó pọ́n láti itan dé etí. Aṣọ rẹ̀, aṣọ 850 tí mo rà, wà lórí páànù yàrá Teboho. Ó tẹ́ ẹ sórí òrùlé, ó fi bíríkì tẹ igun rẹ̀. Èéfín èédú ń gba abẹ́ rẹ̀ yọ.

Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Ó jáde, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìje, kò sí gàárì, tíì ló ń mu.

"Teboho! Òrùlé rẹ ni mo ra aṣọ fún?"

"Mama, yàrá ń jò. Orí ibùsùn mi gan-an ló ń jò sí."

"Ẹṣin mi ńkọ́?"

"Aṣọ yẹn ń jẹ ẹ́, Mama. Tí mo bá bọ́ ọ, ara rẹ̀ á san díẹ̀. Tí ẹ bá ti ń bọ̀, mo máa ń fọ̀ ọ́, mo á gbé e wọ̀ ọ́ padà. Mo rò ó pé kí aṣọ má kàn wà nílẹ̀ lásán."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ní Turffontein lo sọ! O rò pé mi ò mọ ohun tí ẹ jọ ń pín?"

Ó wò mí báyìí. Lẹ́yìn náà ó gbé ife tíì sórí bíríkì, ó gun àga, ó ká aṣọ náà sílẹ̀ láti orí òrùlé, ó ṣẹ́ ẹ mẹ́rin bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣẹ́ aṣọ ìkélé, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀. Báàgì kan ni ẹrù rẹ̀, pẹ̀lú kúbùsù tiwọn tó dà sí èjìká. Ó lọ bá ẹṣin lábẹ́ igi, ó bá a sọ nǹkan kan ní èdè wọn.

Magdalene yọjú lójú fèrèsé: "Ó dáa. Ta ló wá máa kó ìgbẹ́ ẹ̀?"


Ọjọ́bọ̀, 6 Nofẹ́ńbà

Èmi ni mò ń kó o. Àtàndá ń gbé mi lọ láàárọ̀ kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù gíábọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Yúnífọ́ọ̀mù tó yẹ kí n ti rán wà nílẹ̀ gègèrè, ìyá ọmọ kan ti bú mi ní èdè Zulu, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n aṣọ wà lára ẹṣin. Mo fa gbogbo ìdè rẹ̀ le kó má bàa yẹ̀. Ní báyìí tí olè ti lọ, egbò á jinná.


Ọjọ́ Àìkú, 9 Nofẹ́ńbà

Kò jinná. Ó pọ̀ sí i. Èjìká ọ̀tún ti ń sun omi.

Mo dúró, mo ń wò ó. Ta ló gùn ún? Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù wà. Olúwa forí jì mí, mo ro Magdalene. Obìnrin tó fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, tó ń fi ọ̀pá rìn. Mo bojú wo fèrèsé rẹ̀ bóyá màá rí bàtà ẹlẹ́ṣin. Nígbà tí mo rò ó débẹ̀ ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣe mí.

Mo ní kí Àtàndá máa lọ, kó padà wá gbé mi. Mo dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì délẹ̀, mo jókòó lé e nínú òjò wínníwínní, mo ń ṣọ́ ẹṣin bí ọlọ́pàá. Ó ń jẹko. Ó tẹ orí balẹ̀, aṣọ rọ́ sẹ́yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ọrùn aṣọ fà mọ́ ọn léjìká. Ó gbé èkejì, ó tún fà. Ó ń lọ síwájú, aṣọ ń lọ sẹ́yìn, gbogbo ìwúwo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ibi gegele yẹn, ó ń ha á bí ayùn. Ìdè tí mo fà le wá jẹ́ kó burú sí i.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń rán aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ tó lo oṣù kan lẹ́sẹ̀ máṣíìnì mọ̀ pé tí ọrùn agbádá bá fẹ̀ jù, ẹ̀yìn á máa wọ́ ọ lọ, iwájú á máa fún ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́fun, á máa fi ọwọ́ gbé e síwájú títí àríyá á fi parí. Lékeléke kò lọ́wọ́ tó máa fi gbé e.

Mo ní kó lè fi dàgbà.

Nígbà tí Àtàndá dé, ó bá aṣọ lórí ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kó dápàárá kọ́ ló máa ń dá a.


Ọjọ́rú, 12 Nofẹ́ńbà

Kí ni mò ń banújẹ́ sí? Ṣé aránṣọ kọ́ ni mí ni? Mo tú iwájú aṣọ náà, mo gé e sí 72, mo fi dáàtì méjì sí ọrùn kó lè fún mọ́ra, mo la èjìká, mo fi àlẹ̀mọ́ igun mẹ́ta sí i kí ẹsẹ̀ lè ráyè gbé. Abẹ́rẹ́ awọ ni mo fi rán an, méjì ló kán. Nígbà tí mo gbé e wọ̀ ọ́, ó jókòó bíi kóòtù ọkọ ìyàwó. 850 mi kò ṣòfò.


Ọjọ́ Ẹtì, 14 Nofẹ́ńbà

Ó ṣòfò. Òjò rọ̀ lálẹ́ àná, omi gba gbogbo ojú abẹ́rẹ́ mi wọlé. Mo bá ẹṣin tó tutù lábẹ́ aṣọ, ilà omi pupa méjì ṣàn láti ọrùn rẹ̀ wá sí àyà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rán an. Èmi tí mo kọ́kọ́ wò ó ní ìsọ̀ pé wọ́n lẹ ojú rírán láti inú!


Àbámẹ́ta, 15 Nofẹ́ńbà

A padà sí Kyalami. Ọmọbìnrin eléèékánná ni. Ó bi mí pé báwo ni ẹṣin. Mo ní ó wà. Ó wo ojú mi, kò sọ pé, "Mo sọ fún yín." Mo mọ̀ pé ó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní kí n gba méjì lọ, kí n fi aṣọ pẹlẹbẹ tó mọ́ sábẹ́ rẹ̀ wọ ẹṣin, èyí tí kò bá bá a mu kí n dá a padà láìlẹ́rẹ̀, láìnírun. Mo sanwó méjèèjì sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ sí rìsíìtì pé ó máa dá owó ọ̀kan padà, kó sì buwọ́ lù ú. Ó kọ ọ́.

A gbé wọn dé Eikenhof. Èkíní: 72, gígùn rẹ̀ pé. Mo jẹ́ kó tẹ orí balẹ̀ jẹko kí n tó gbà. Aṣọ ṣí sílẹ̀ láyà, ó fi nǹkan bí ọwọ́ méjì fẹ̀. Ẹṣin tó láyà ńlá ni wọ́n gé e fún, tèmi tínrín níwájú, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga. Gígùn nìkan kọ́ ni aṣọ, mo mọ ìyẹn lára ènìyàn.

Èkejì: 72 náà ni, wọ́n gé ọrùn rẹ̀ gòkè, wọ́n fi dáàtì gbé e kúrò lórí gegele yẹn. Mo ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láyà, ó wọlé pẹlẹbẹ, kò fún mi, kò sì tú. Mo tì í bọ lókè, bákan náà. Ẹṣin tẹ orí balẹ̀, aṣọ kò rìn. Mo fà á rìn, mo yí i po lápá ọ̀tún àti òsì, ó gbọ̀n ara rẹ̀ bí ajá, aṣọ padà sí àyè rẹ̀. Etí rẹ̀ parí síbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Mo tún un wò, mò ń wá ibi tó ti máa tàn mí. Mi ò rí i.

1,390. Mo gbà.


Ọjọ́bọ̀, 20 Nofẹ́ńbà

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Abẹ́ aṣọ gbẹ táú. Irun kékeré ti ń hù léjìká, ó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun.


Ọjọ́ Àìkú, 23 Nofẹ́ńbà

Ìbídùn wá wo ẹṣin. Mo ti mura ìjà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa èjìká rẹ̀, ó ṣẹ́jú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, màá fi òdòdó bo ibí yìí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó máa di í mú dà? Ìyàwó ló máa jókòó lórí ẹ̀ o, pẹ̀lú aṣọ gígùn. Tí kò bá sí ẹni tí ẹṣin yìí gbọ́ tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́."

Nígbà tó fa okùn rẹ̀, ẹṣin fẹsẹ̀ tilẹ̀. Nígbà tí mo fà á, ó jẹ aṣọ mi.

Mo ní ẹni tó máa di í mú wà. Orúkọ ẹni kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn.


Ọjọ́rú, 26 Nofẹ́ńbà

Mo bi àwọn tó ń ta orí màlúù lẹ́bàá họ́sítẹ̀lì Jeppe, wọ́n júwe. Mo bá Teboho lórí àga níta, ó ń rán okùn ẹnu ẹṣin tó já. Ó dìde fún mi. Mi ò retí pé yóò dìde.

Mo ní, "Aṣọ yẹn tóbi jù."

Ó ní, "Ehn, Mama."

Mo ní kó padà wá. Mo ní màá fi páànù tuntun sí yàrá rẹ̀. Ó ń fa òwú, ó ń fa òwú. Ó wá sọ fún mi pé òun ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin ńlá kan lápá Midrand, wọ́n ń dán òun wò. Ogójì ẹṣin, yàrá oníbíríkì. Tí oṣù bá tán, wọ́n máa gba òun tàbí kí wọ́n má gbà.

"Ọwọ́ yín ló wà, Mama. Wọ́n bi mí ní ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, mo fún wọn ní nọ́ńbà yín. Wọ́n máa pè yín, wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí mo fi kúrò."

"Tí wọn kò bá gbà ọ́ ńkọ́?"

Ó gé òwú náà pẹ̀lú eyín. "Màá padà sọ́dọ̀ yín. Ibo ni mo tún fẹ́ lọ ní Dìsẹ́ńbà?"


Ọjọ́bọ̀, 27 Nofẹ́ńbà

Mo sọ ọ́ fún Àtàndá. Ó ń jẹ ẹ̀bà, ó fi ọwọ́ dúró. "Ọ̀rọ̀ tán nígbà yẹn. Má parọ́ fún wọn. Ṣáà sọ pé o bá aṣọ rẹ lórí òrùlé rẹ̀. Ṣé irọ́ ni?"

Kì í ṣe irọ́.

"Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti wà ní Eikenhof. Ìyàwó mẹ́ta ti gun ẹṣin kí ọdún tó parí. O sì máa fi páànù sí yàrá rẹ̀, òun náà kò ní pàdánù."

Gbogbo ohun tó sọ ni mo ti rò kí ó tó sọ ọ́. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ ni pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, mo sì rí i pé ó ń rùn.


Ọjọ́ Ẹtì, 28 Nofẹ́ńbà

Wọ́n pè lẹ́yìn ọ̀sán. Iná ti lọ, máṣíìnì dákẹ́, kò sí ariwo tí mo lè fara pamọ́ sí. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ yára. Mo gbé Gẹ̀ẹ́sì mi kalẹ̀ bó ṣe mọ.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ lé Teboho?"

"Èmi ni."

"Wọ́n ní ẹ bá ẹrù yín lọ́wọ́ rẹ̀."

"Mo bá a lórí òrùlé rẹ̀."

"Olè ni, àbí?"

Ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni lásán ló kù kí n sọ. Mo rí ẹṣin, mo rí ìyàwó lórí rẹ̀, mo rí Ìbídùn tó ń ka owó sí mi lọ́wọ́.

Mo ní: "Rárá, Ma. Aṣọ tí mo rà fún ẹṣin mi tóbi jù, ó dá egbò sí i lára. Ó sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ó bọ́ ọ kí ẹṣin lè sinmi. Mo lé e nítorí mo ti ń wá ẹni tó ṣe é, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ èmi."

Ó ní, "Kí ló mú yín ra èyí tó tóbi?"

"Kó lè fi dàgbà."

Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ó ní, "Ṣé ẹ lè gbà á padà?"

"Lónìí yìí."

"Ẹ jẹ́ kí n tètè pè é nígbà yẹn, kí ẹ tó pè é." Ó gé fóònù.

Mo jókòó síbẹ̀ títí iná fi dé.


Àbámẹ́ta, 29 Nofẹ́ńbà

Àtàndá kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé ta ló wá máa di ẹṣin mú lọ́jọ́ kẹtàlá. Mo ní èmi ni.

A dé Eikenhof, mo gbé okùn, Lékeléke fẹsẹ̀ tilẹ̀. Mo tún gbé e, ó wọ́ mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo lọ kan ilẹ̀kùn Magdalene, mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń darí ẹṣin tí kò fẹ́ràn ẹni. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ jáde sí àtẹ̀gùn, ó wò mí láti gèlè dé bàtà tó kún fún ẹrẹ̀, ó ní ó dáa, láàárọ̀ ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀.

Ó ní òun máa gba owó ẹ̀. Mo ti mọ̀.